Ibi Tí Ẹrù Gbé Wúwo

Ọkọ̀ méjì ni ó ń jẹ́ 911 láyé yìí, ìlú kan náà sì ni ilé iṣẹ́ tí ó bí àwọn méjèèjì fìdí kalẹ̀ sí, èyíinì ni Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀kan ni ọkọ̀ eré ìje tí Porsche ń ṣe, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ó ba sílẹ̀ bí ẹkùn tí ó rí ẹran. Èkejì ni ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz, olórí bọ̀ǹbọ̀, tí ó ru èlùbọ́, tí ó ru gaàrí, tí ó ru pákó, tí ó sì tún ru ènìyàn lé wọn lórí, tí kò fi sí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ó ti dàgbà díẹ̀ tí kò mọ igbe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ó bá ń gun òkè bọ̀ lóru. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo àwọn méjèèjì yóò bèèrè pé kí ni ó pa ẹṣin ọba pọ̀ mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ oníyọ̀. Ṣùgbọ́n ìyọnu kan náà ni ó bá àwọn méjèèjì fínra láti ọjọ́ tí a ti dá wọn: ibo ni kí wíwúwo ara wọn jókòó sí, kí wọ́n má baà fi ìdí ṣíwájú orí nígbà tí ọ̀nà bá ṣẹ́rí?

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù rẹ̀ níbi tí ó gbé wúwo. Ọ̀rọ̀ ojúṣe ni wọ́n fi ń pa, pé kí olúkúlùkù gba èyí tí ó nira nínú ọ̀ràn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ẹnu alábàárù ni òwe náà ti jáde wá, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ dájú tó o pé gbogbo ẹrù, ìbáà gùn, ìbáà ṣe róbótó, ní ojú kan tí wíwúwo rẹ̀ kóra jọ sí, àti pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wá ojú náà rí, òun àti ilẹ̀ ni yóò jọ ru ẹrù náà. Ìtàn ìmọ̀ yìí ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́, ọmọ Àtìbà, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni mo fẹ́ sọ.

Kí ọkọ̀ tó dé, orí ni ọkọ̀ wa. Nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba Àgbádárìgì gòkè wá kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, ní ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Kàtúngà, orí àwọn alábàárù ni ẹrù rẹ̀ bá débẹ̀. Nígbà tí T. J. Bowen, oníṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, orí náà ni ẹrù ṣì ń gbà káàkiri ilẹ̀ yìí. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba àwọn Òyìnbó wá fi òṣùwọ̀n sí i, wọ́n ń di nǹkan bí 60 pọ́n-ùn fún alábàárù kan. Ṣùgbọ́n iye tí ẹrù wọ̀n kì í ṣe nǹkan àkọ́kọ́ tí alábàárù fúnra rẹ̀ ń bèèrè. Yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe láti rù ú, bí kò ṣe láti mọ apá ibi tí ó fì sí. Yóò wá yí òṣùká rẹ̀, yóò gbé òṣùká sí àtàrí tàbí kí ó fà á síwájú orí díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹrù náà bá ti wí. Òṣùká kì í ṣe kí orí má baà ro ènìyàn nìkan. Òun ni ó ń sọ fún ẹrù pé ibí ni kí o jókòó sí. Bí iwájú ẹrù bá wúwo jù, ẹsẹ̀ ni yóò máa sáré lé ẹrù bá. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ọrùn ni yóò máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ relé.

Èyí tí ó tilẹ̀ jinlẹ̀ jùlọ nínú ọgbọ́n yìí, ọwọ́ àwọn obìnrin tí ń pọn omi ni ó wà. Omi kì í dúró sójú kan nínú ìkòkò: bí ẹni tí ó rù ú bá gbé ẹsẹ̀, omi á bì síwájú, bí ó bá dúró, omi kò ní dúró pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà wọn a já ewé tútù, wọn a tẹ́ ẹ lé ojú omi, tàbí kí wọ́n da igbá kékeré kan sórí rẹ̀, ewé tí kò wúwo tó eṣinṣin a sì kápá omi tí ó kún ìkòkò. Àwọn tí ó ń rọ táńkà epo lóde òní, irin alálùhò ni wọ́n fi ń dá inú rẹ̀ sí yàrá yàrá nítorí ìdí kan náà. Mo ti bá onímọ̀ ẹ̀rọ kan sọ ọ́ rí pé ìyá ìyá mi mọ̀ ọ́n; ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Ti ẹṣin ni ó kàn. Pápá ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, kì í ṣe igbó, ẹṣin tí wọ́n ń rà láti òkè Ọya ni ó sì sọ ọ́ di ìlú tí ọ̀pọ̀ ọba ń sìn. Títí di òní, oyè Olókùn-ẹṣin ṣì wà lẹ́nu àwọn òpìtàn ààfin. Ẹni tí ó bá rò pé eré sísá nìkan ni ẹṣin jẹ́ kò tíì gùn ún rí. Gàárì ni gbogbo ọ̀rọ̀: bí a bá gbé e sún mọ́ ọrùn jù, èjìká ẹṣin kò ní lè là, bí a bá gbé e sún sẹ́yìn jù, ìbàdí rẹ̀ ni a ń ṣẹ́, ẹ̀yìn èjìká gan-an, níbi tí ẹ̀yìn ẹṣin gbé lágbára jù, ni ibùjókòó ọmọ ènìyàn. Bí ẹṣin bá ń gun òkè, ẹlẹ́ṣin a tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, a fara sẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ yà, a ti fi ìdí sọ fún un kí ìjánu tó sọ ọ́. Ohun kan náà ni awakọ̀ eré ìje ń ṣe lónìí tí ó bá ń tẹ bíréèkì kí ó tó dé kọ́ọ̀nà, kí wíwúwo ọkọ̀ lè sáré wá sí orí táyà iwájú, kí táyà náà lè fi eyín mú ilẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, láàárín ọdún 1835 sí 1837, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọjà, etí igbó ni ìlú bọ́ sí, eṣinṣin tí ń pa ẹṣin kò sì jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Àwọn oníṣọ̀nà awọ kò bá ìlú tú ní tiwọn. Iṣẹ́ wọn ni ó di tìmùtìmù àti àpò tí àlejò ń rà ní Ọ̀yọ́ di òní. Ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ̀wẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn oníṣòwò òkè ọ̀hún ń sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ẹrù lọ́tùn-ún lósì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ní ọ̀wọ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n òun ni olùkọ́ tí ó le jù, nítorí pé bí ẹrù ọ̀tún bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju ti òsì lọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò yẹ̀ wálẹ̀ sábẹ́ ikùn rẹ̀ kí ó tó rin ìrìn ibùsọ̀ kan. Nítorí náà, bí iyọ̀ apá kan bá tà tán lọ́jà, ọlọ́gbọ́n oníṣòwò kò ní jẹ́ kí apá kejì dá wà: yóò pín èyí tí ó kù sí méjì, tàbí kí ó ki òkúta bọ inú àpò òfìfo kí ó lè bá ti ẹ̀gbẹ́ kejì mu. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ bá mi fi ọkàn sí òkúta yìí. A óò padà bá a.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú ọkọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà, tìpá tìkúùkù sì ni Ọ̀yọ́ fi jẹ àǹfààní rẹ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 kò gba ọ̀dọ̀ Aláàfin kọjá. Ó yà bàrá sí ìlà-oòrùn, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lápá òsì bí ẹni tí kò rí wọn. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ìlú méjèèjì ni ilẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé, ní ọdún 1906, ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà, láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n là á, kí ọkọ̀ ìjọba lè máa kó ẹrù lọ bá rélùwéè. Ìlú tí ojú irin kọ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ kọ́kọ́ yàn.

Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí a ń bí àwa tí a ń kọ̀wé yìí, ọkọ̀ ẹrù ni ọba ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ológeere kó ipa tirẹ̀, ó ru tíìnnì epo lẹ́yìn títí táyà iwájú fi fẹ́ gbéra nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ akẹ́rù onípákó, ni ó ni ìtàn. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin ìsàlẹ̀ ni ó ti Ìlú Òyìnbó wá, Bedford ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo ìyókù, láti orí pákó ìjókòó dé òrùlé, ọwọ́ káfíńtà ilé ni ó ti jáde. Èyí já sí pé ẹni tí ó ṣe irin náà kò mọ bí ara ọkọ̀ yóò ṣe wúwo tó, ẹni tí ó sì kan pákó kò rí ìwé ẹni tí ó ṣe irin. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹni tí ó ń to ẹrù dúró, tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo èrò wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń tò ó, nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti gba oyè. Èyí tí ó wúwo jù nínú ẹrù, sìmẹ́ńtì tàbí iṣu tútù, ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń gbé, kì í sì í ṣe ibikíbi nílẹ̀ ọkọ̀, bí kò ṣe iwájú táyà ẹ̀yìn díẹ̀. Nítorí pé ohun tí ó bá wúwo tí a sì jù sí ìrù ọkọ̀, lẹ́yìn táyà, a máa gbé orí ọkọ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tí ó jókòó sí etí àga gbọọrọ ti í gbé ọmọdé tí ó wà létí kejì, sítíárì a sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Àpò èlùbọ́ ni ó kàn, wọn a sì tò ó ní ìdábùú àti ìró bí mọlémọlé ti ń to búlọ́ọ̀kù, kí ọ̀kan lè di èkejì mú. Orí pátápátá ni wọ́n ń di agbọ̀n adìẹ, ẹní àti akèrègbè òfìfo sí, ohun tí ó ga tí kò sì wọ̀n. Ẹni tí ó bá yí ètò yìí padà, tí ó gbé iṣu sókè tí ó gbé ẹní sísàlẹ̀, ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ kò fi haún kan lé sí i, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí, òkè ọkọ̀ yóò máa lọ tààrà nígbà tí ìsàlẹ̀ bá yà. Mo gbà pé jàǹbá tí a di ẹ̀bi rẹ̀ ru Èṣù ní ojú ọ̀nà wa, iṣu tí ó wà níbi tí kò yẹ ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ kan tí mo ṣì kéré, tí a wọ ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́ à ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ ti kún, èrò ti ń kùn, ṣùgbọ́n awakọ̀, bàbá kan tí ewú ti gba orí rẹ̀, kò tíì fẹ́ lọ. Ó rìn yí ọkọ̀ po, ó lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, ó wo sípíríńgì, ó tún lọ wo ti òsì. Ó dìde, ó wí fún obìnrin kan tí ó sígbọnlẹ̀ pé, "Ìyá oníṣu, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bọ́ sí ìjókòó òsì níbí." Ìyá náà gbaná jẹ: "Ṣé èmi náà ti dẹrù ni?" Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ní, "Ẹrù kọ́, ìyá mi. Ọlọ́lá ni yín. Ilẹ̀ ni kò mọ ọlọ́lá yàtọ̀." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà sì dìde. Nígbà tí a gbéra, mo rí i pé ọkọ̀ tí ó ti ń rìn bí arọ nígbà tí ó ń yí kúrò nínú gáréèjì ti nàró.

Ìgbà kan wà tí ìmọ̀ yìí di ọ̀ràn ikú àti ìyè fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníṣòwò ìlú náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́ ní ilẹ̀ Gánà, ní Kùmásì àti ní Tàmálè títí lọ sí òkè, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọjọ́ 14. Ẹrù ogún ọdún ni ènìyàn ń dì ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀dì onírin, àpótí aṣọ, ìkòkò ìyàwó àti ìkòkò ìyá ọkọ, gbogbo rẹ̀ ni a fẹ́ gbé lé ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí a óò sì fi la Tógò àti Dàhómì kọjá dé ilé. Ẹni tí ó bá mọ ẹrù tò ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọba ni.

Wàyí o, ó kan ọkọ̀ eré ìje, ṣùgbọ́n ara ẹbí rẹ̀ tí a ti mọ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́kìsì tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá, tí ó pọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba nígbà Western Region, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọjọ́, l'Ékòó, ní ọdún 1975, Ferdinand Porsche ni ó yàwòrán rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó sì gbé ẹ́ńjìnnì sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ ìdílé náà gbé 911 jáde ní ọdún 1963, èyí tí ọmọ ọmọ rẹ̀, Ferdinand Alexander, yàwòrán, ẹ̀yìn náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ó tilẹ̀ rékọjá táyà ẹ̀yìn. Ìgbádùn wà nínú èyí: táyà tí ó ń ti ọkọ̀ lọ ni ẹrù tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà kì í yọ̀. Ìyọnu náà sì wà: bí awakọ̀ bá sáré wọ kọ́ọ̀nà, tí àyà rẹ̀ já, tí ó ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, wíwúwo ọkọ̀ a sáré síwájú, táyà ẹ̀yìn a fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ a sì yọ sóde bí ìgbà tí ènìyàn fi okùn fi òkò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ní Ìjàpá kò ka ìwé Porsche rí, ṣùgbọ́n kì í rìnrìn àjò lásìkò òjò láìjẹ́ pé ó ju àpò iyanrìn kan sínú búùtù, tí ó wà níwájú ọkọ̀.

Kí ni àwọn ọlọ́gbọ́n Stuttgart ṣe? Wọ́n ki òkúta bọ inú àpò òfìfo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irin tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 11 ni wọ́n fi pamọ́ sí igun kọ̀ọ̀kan bọ́ńpà iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, irin tí kò ní iṣẹ́ kankan lára ọkọ̀ ju pé kí ó wúwo lọ. Nígbà tí ó di ọkọ̀ ọdún 1969, wọ́n wá ojútùú tí ó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n sún táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n mìlímítà 57, tí kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, kí ẹ́ńjìnnì lè bọ́ sáàárín ọkọ̀ díẹ̀ sí i; wọ́n sì pín bátìrì kan sí kékeré méjì, wọ́n gbé e sí iwájú lọ́tùn-ún lósì. Oníyọ̀ tí ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ì bá wò ó, ì bá sì mi orí.

Àwọn tí ń tún ọkọ̀ ìje ṣe lónìí ti sọ ọ́ di iṣẹ́ òṣùwọ̀n mẹ́rin. Wọn a gbé òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ a jókòó sáyè rẹ̀, nítorí pé òun náà ti dẹrù gẹ́gẹ́ bí ìyá oníṣu, wọn a sì ka iye tí igun kọ̀ọ̀kan ń gbé. Kí ó lè yé wa, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni kí á wò. Bí a bá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹsẹ̀ kan, kì í ṣe ẹsẹ̀ náà nìkan ni yóò tẹ ilẹ̀ jù. Èyí tí ó kọjú sí i ní ìdábùú yóò bá a tẹ̀, àwọn méjì yòókù yóò sì fúyẹ́. Bákan náà ni bí wọ́n bá gbé sípíríńgì igun kan sókè nínú ọkọ̀: ìwọ̀n a kúrò ní igun méjì, a sì lọ bá méjì, bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ rẹ̀ kò yí padà rárá. Wọn a máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìdábùú kan yóò fi bá èkejì dọ́gba, kí ọkọ̀ lè yà sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yà sí òsì. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà tí ń fi ewé irin kan kún sípíríńgì apá tí ọkọ̀ fì sí kò ní òṣùwọ̀n mẹ́rin. Ojú ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú náà a máa ṣìnà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìfẹ́ ilé purọ́: òṣùwọ̀n sàn ju ojú lọ, ọkọ̀ tí ojú nìkan tún ṣe sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn sígbó.

Òkú ojú ọ̀nà ni ó jẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977, lábẹ́ Wọlé Ṣóyínká, àwọn tí ará ìlú sọ ní Májàmájà. Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1988. Eré àsápajúdé ni gbogbo wọn ń bá wí jù, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò sáré náà ń dojú dé ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá àwọn tí ó kó ẹrù kọjá òrùlé, nítorí pé ẹni tí ń to ẹrù nísinsìnyí, ohun tí yóò wọlé ni ó ń wá, kì í ṣe ohun tí yóò dúró.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ọdún 1990, a ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, gáréèjì kò jìnnà sí yín. Ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ lọ bá àwọn bàbá tí ó to ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù 911 nígbà èwe wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ sì gbé e lé òṣùwọ̀n yín, kí ẹ mọ èyí tí wọ́n rí tọ́ àti èyí tí wọ́n ṣì. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Àwọn tí ó kù nínú wọn kò pọ̀ mọ́.